Orúkọ Alọkà: Ǹjẹ́ Ọmọ Lè Jogún Ìyìn tàbí Ẹ̀gàn Iṣẹ́ Baba Rẹ̀?

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí fi yé ni pé orúkọ kì í ṣe ariwo ẹnu lásán. Ó ní ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá, ó sì ní ohun tí ó ń sọ nípa àwọn tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ń bẹ tí òwe náà kò dáhùn. Bí ilé tí a wò bá ti yí padà pátápátá, tí iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ sọ orúkọ sì ti kúrò lọ́wọ́ ìdílé, kí ni orúkọ náà tún lè sọ nípa ọmọ tí ń jẹ́ ẹ? Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a yin ọmọ nítorí iṣẹ́ rere tí baba ńlá rẹ̀ ṣe? Ǹjẹ́ ó sì tọ́ kí a fi ojú burúkú wò ó nítorí iṣẹ́ tí àwọn ará ìgbà kan kẹ́gàn? Orúkọ kan ń bẹ ní ilẹ̀ Jámánì tí ìtàn rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ náà ni Müller.

Ìtumọ̀ Müller ni alọkà, èyíinì ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa lọ ọkà di ìyẹ̀fun. Nínú gbogbo orúkọ ìdílé tí ó wà ní ilẹ̀ Jámánì, kò sí èyí tí àwọn tí ń jẹ́ ẹ pọ̀ tó o. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní ilẹ̀ Switzerland. Àwọn orúkọ tí ó tẹ̀ lé e ní Jámánì náà jẹ́ orúkọ iṣẹ́: Schmidt ni alágbẹ̀dẹ, Schneider ni aránṣọ, Fischer ni apẹja, Weber ni ahunṣọ. Ẹni tí ó bá rò pé orúkọ ọba tàbí ti jagunjagun ni yóò gbilẹ̀ jù lọ ní ilẹ̀ tí ó ti jagun púpọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó bọ́ ìlú, tí ó sì da aṣọ bò ó, ni orúkọ wọn kún ilẹ̀.

Ní ìgbà àtijọ́, orúkọ kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ ní ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá lẹ́yìn ikú Olúwa wa, àwọn ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Ní irú ìlú bíi Köln, àwọn tí ń jẹ́ Johannes àti Heinrich pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí akọ̀wé tí ń kọ orúkọ sínú ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé owó-orí kò fi mọ èwo ni èwo. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi àfikún sí orúkọ: ibi tí ènìyàn ti wá, bí ìrísí rẹ̀ ti rí, orúkọ baba rẹ̀, tàbí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àṣà yìí bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù ilẹ̀ náà, ó sì gbà tó ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí ó tó tàn dé àríwá àti àwọn abúlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àpèjúwe ni àfikún náà jẹ́, kò tíì di ogún. Bí ọmọ alọkà bá kọ́ṣẹ́ aránṣọ, aránṣọ ni wọn yóò máa pè é. Díẹ̀díẹ̀ ni ó lẹ̀ mọ́ ìdílé, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ sì ń jẹ́ orúkọ iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn kò mọ̀. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù January, 1876, òfin fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú lọ́lẹ̀ jákèjádò Jámánì, orúkọ ìdílé sì wá dúró gbọn-in bí a ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ìdí tí orúkọ alọkà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn alọkà ni ó pọ̀ jù nínú oníṣẹ́. Àwọn àgbẹ̀ pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ní abúlé tí gbogbo ènìyàn ń roko, a kò lè fi iṣẹ́ oko dá ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Alọkà ńkọ́? Ẹyọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ abúlé ní, nítorí ọlọ kan tí omi tàbí afẹ́fẹ́ ń yí tó fún gbogbo wọn. Bí a bá wí pé “Heinrich alọkà,” kò sí ẹni tí yóò béèrè pé Heinrich wo ni. Bí abúlé sì ti pọ̀ lọ súà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní alọkà tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ kan náà hù ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi láìsí pé àwọn tí ń jẹ́ ẹ bá ara wọn tan. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn: àwọn Müller kì í ṣe ìdílé kan. Kò sí baba ńlá kan tí gbogbo wọn lè tọ́ka sí, yálà láti fi yangàn tàbí láti tijú nítorí rẹ̀.

Bí èdè àdúgbò ti yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ń pa àwọ̀ dà. Ní àríwá Jámánì, Möller ni ọ̀pọ̀ ń jẹ́; ní ìhà Bavaria àti Austria, a rí Müllner; ní Luxembourg àti Alsace, Muller ni wọ́n ń kọ láìsí àmì lórí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè ní Freiburg àti Mainz lo ìwé orúkọ àwọn tí ó ní tẹlifóònù ní Jámánì ní 2005 láti ya àwòrán ilẹ̀ tí ó fi ibi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan pọ̀ sí hàn. Apá tí ó jẹ mọ́ orúkọ iṣẹ́ jáde ní 2016. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi hàn pé kò sí ibi tí a kò ti rí Müller ní Jámánì, ṣùgbọ́n pé ó ki jù ní ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, bí àpẹẹrẹ ní Saarland. Ní Austria, orúkọ mìíràn, Gruber, ni ó ṣíwájú. Nígbà tí àwọn ará Jámánì sì ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń tẹ̀dó sí Pennsylvania láti 1683, ọ̀pọ̀ Müller di Miller, wọ́n sì dà pọ̀ mọ́ àwọn Miller tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Nínú ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 2010, Miller ni orúkọ ìdílé keje, àwọn tí ń jẹ́ ẹ sì lé ní 1,160,000. Orúkọ náà tún dé gúúsù Brazil, níbi tí àwọn ará Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀dó ní 1824.

Orúkọ tí ó tàn kálẹ̀ báyìí, ta ni yóò rò pé orúkọ ìfura ni ní àtètèkọ́ṣe? Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìjòyè tí ó ni ilẹ̀ ni ó ni ọlọ, òfin sì de àwọn àgbẹ̀ pé ọlọ náà nìkan ni kí wọ́n máa gbé ọkà wọn lọ. Owó kọ́ ni alọkà ń gbà lọ́pọ̀ ìgbà. Díẹ̀ nínú ọkà tí a gbé wá ni ó ń bù fún ara rẹ̀. Àgbẹ̀ a gbé ọkà tí ó fi òógùn ojú rẹ̀ gbìn wá, a gbé ìyẹ̀fun lọ sílé, a sì rí i pé ohun tí òun gbé lọ kò tó ohun tí òun gbé wá. Òtítọ́ ni pé ọkà a máa dín kù bí a bá ń lọ̀ ọ́: eruku rẹ̀ ń fò, èèpo rẹ̀ ń yà sọ́tọ̀, omi inú rẹ̀ sì ń gbẹ. Òtítọ́ sì ni pé àwọn alọkà kan jalè. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ èwo ni èyí tí ọlọ jẹ àti èwo ni èyí tí ọwọ́ mú? Alọkà kì í sì í sábà gbé àárín ìlú. Ẹ̀bá odò tàbí orí òkè tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni ilé rẹ̀ máa ń wà. Ẹni tí ń dá gbé, tí oúnjẹ gbogbo ìlú sì ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kò ṣàì ní kí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn.

Òfin ilẹ̀ kò gbójú fo ọ̀ràn yìí. Nínú ìwé òfin tí à ń pè ní Sachsenspiegel, tí Eike von Repgow kọ ní àárín 1220 sí 1235, a pàṣẹ pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ọlọ ni kí ó kọ́kọ́ lọ ọkà tirẹ̀. Ìlànà yìí di òwe tí àwọn ará Jámánì ń pa títí di òní. Òfin náà kò sọ pé irú ènìyàn báyìí ni alọkà. Ohun tí alọkà gbọ́dọ̀ ṣe ni ó sọ. Ọ̀nà òdodo ni èyí: kí a fi ìlànà ṣọ́ iṣẹ́, kí a sì mú ẹni tí ó bá rú ìlànà.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ nínú àwọn ìlú gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ka àwọn iṣẹ́ kan sí iṣẹ́ àìlọ́lá, wọ́n sì wí pé ọmọ ẹni tí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ẹgbẹ́ wọn. Ọmọdé tí ó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ ní láti mú ìwé ẹ̀rí ìbí wá, láti fi hàn pé ilé ọlọ́lá ni a bí i sí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọmọ alọkà kò lè rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ mú wá. Kò sí ẹni tí ó béèrè bóyá baba rẹ̀ jalè rí. Kò sì sí ẹni tí ó béèrè bóyá ọmọ náà fúnra rẹ̀ ní ọwọ́ tí ó mọ́. Orúkọ iṣẹ́ nìkan tó láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ọ̀ràn náà burú tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ńlá fi dá sí i. Ní 1548, òfin tí a ṣe ní Augsburg pàṣẹ pé kí àwọn ẹgbẹ́ máa gba ọmọ alọkà, ọmọ ahunṣọ ọ̀gbọ̀, ọmọ onígbàjámọ̀, ọmọ darandaran, ọmọ oníbodè, ọmọ afunfèrè àti ọmọ onílé ìwẹ̀, bí ìwà àwọn ọmọ náà bá ti dára. Ní 1577, wọ́n tún òfin kan náà pa. Bí ẹgbẹ́ bá ti gbọ́ ti àkọ́kọ́ ni, kí ni ìbá tún mú kí a pa á lẹ́ẹ̀kejì? Ní 1731, òfin mìíràn tún jáde tí ó fi ọlá fún iṣẹ́ gbogbo, àfi iṣẹ́ àwọn tí ń bó awọ òkú ẹran. Ó lé ní ọgọ́sàn-án ọdún láti òfin àkọ́kọ́ sí ìkẹta. Èyí kọ́ ni pé ó rọrùn fún ọba láti yí òfin padà ju kí ó yí ọkàn àwọn ará ìlú padà lọ.

Níbo wá ni àṣìṣe àwọn ẹgbẹ́ náà wà? Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Òwe yìí kò wí pé kí a má ṣe gé ìka. Ó wí pé kí a mọ èyí tí ó ṣẹ̀ nínú wọn. Àwọn ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ mú ẹ̀ṣẹ̀ alọkà díẹ̀, wọ́n fi di ti gbogbo alọkà. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú ẹ̀ṣẹ̀ baba, wọ́n fi di ti ọmọ. Ìṣísẹ̀ méjèèjì ni kò ní ẹ̀rí. Ohun tí ó sì mú kí ó rọrùn fún wọn ni pé orúkọ kan ṣoṣo bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Orúkọ gba iṣẹ́ ìrònú kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ẹnì kan lè dáhùn pé òwú tí ìyá gbọ̀n ni ọmọ ń ran. Lóòótọ́, ní ìgbà tí ọmọ ń kọ́ iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ baba, tí ọlọ ń ti ọwọ́ baba bọ́ sí ọwọ́ ọmọ, orúkọ iṣẹ́ jẹ́ àmì tí ó lè tọ́ ni sọ́nà. Ní ilẹ̀ Yorùbá pàápàá, ẹni tí a bá pè ní Àyánwálé, a mọ̀ pé ilé onílù ni ó ti wá, nítorí ilé tí ń lu ìlù ni ó sọ ọmọ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì kì í ṣe ìdájọ́. Àmì ń sọ ibi tí a lè bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Kò sọ ohun tí a óò rí. Nígbà tí iṣẹ́ bá sì ti kúrò nílé, tí orúkọ nìkan ni ó kù, àmì náà ti di ti ọ̀nà tí kò sí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdílé Müller kan ní ìlú Dessau. Aránṣọ ni baba ilé náà, kì í ṣe alọkà. Ní 1794, a bí ọmọ kan fún un, Wilhelm Müller, ẹni tí ó di olùkọ́ èdè Gíríìkì àti ti Látìn, tí ó sì di akéwì. Òun ni ó kọ àkójọ ewì Die schöne Müllerin, ìtàn ìfẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan sí ọmọbìnrin alọkà, èyí tí Franz Schubert fi orin sí ní 1823. Ní ọdún 1823 kan náà ni a bí ọmọ tirẹ̀, Friedrich Max Müller, tí ó lọ di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ èdè ní Oxford, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn nítorí ìmọ̀ rẹ̀ nípa àwọn ìwé àtijọ́ ilẹ̀ India. Aránṣọ, akéwì, ọ̀jọ̀gbọ́n: ìran mẹ́ta, orúkọ kan, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí ó fi ọlọ ṣe iṣẹ́. Bí a bá fi orúkọ dá wọn lẹ́jọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a óò ṣì mọ̀.

Ẹ̀rí kejì wúwo ju èyí lọ. Ní ìgbà ìjọba Nazi, Heinrich Müller, tí a bí ní München ní 1900, ni olórí Gestapo, ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀, láti 1939 títí ìjọba náà fi ṣubú ní 1945. Ó wà níbi ìpàdé Wannsee ní oṣù January, 1942, níbi tí a ti ṣètò ìpakúpa àwọn Júù. Ní àwọn ọdún kan náà, ní Bavaria kan náà, agbẹjọ́rò kan ń bẹ tí ń jẹ́ Josef Müller. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu láti jíṣẹ́ láàárín Póòpù ní Róòmù àti àwọn tí ń gbìmọ̀ láti bi Hitler ṣubú. Wọ́n mú un ní 1943, ó sì rí ojú àgọ́ ìfìyàjẹni kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní 1945. Lẹ́yìn ogun, ó di mínísítà ìdájọ́ ní Bavaria. Ọ̀kan lo agbára láti fi pani, èkejì fi ara wewu láti dá apani dúró. Bí orúkọ bá ní agbára kankan lórí ìwà, báwo ni orúkọ kan náà ṣe lè bí àwọn méjì wọ̀nyí?

Ẹni tí ó bá ti gbà pé ẹ̀gàn kò ṣeé jogún gbọ́dọ̀ gbà pé ìyìn náà kò ṣeé jogún. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń yẹ̀, nítorí ìyìn a máa dùn mọ́ ni. Ní 2013, àwọn onímọ̀ méjì, Raphael Silberzahn àti Eric Uhlmann, gbé ìwádìí kan jáde tí ó sọ pé àwọn ará Jámánì tí ń jẹ́ orúkọ ọlọ́lá, bíi Kaiser, èyíinì ni ọba ńlá, tàbí König, èyíinì ni ọba, ń di ọ̀gá níbi iṣẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n Uri Simonsohn gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀ láti fi orúkọ wé orúkọ: pé kí a fi àwọn orúkọ ìdílé tí orúkọ àbísọ àwọn tí ń jẹ́ wọn jọra wé ara wọn. Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún iṣẹ́ náà ṣe pọ̀, wọ́n kéde ní 2014 pé àwọn kò rí ẹ̀rí kankan mọ́ pé ìtumọ̀ orúkọ ń gbé ènìyàn ga. Ọba tí ó wà nínú orúkọ kò jọba níbi iṣẹ́.

Ṣé a óò wá sọ pé orúkọ iṣẹ́ kò wúlò? Rárá o. Ohun kan ń bẹ tí ó wúlò fún, tí kì í ṣe ìdájọ́: ìrántí. Àwọn alọkà àkọ́kọ́ tí a torí iṣẹ́ wọn sọ àwọn ìdílé lórúkọ kò sí nínú ìtàn. Kò sí ẹni tí ó kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀, kò sì sí ère tí a gbẹ́ fún wọn. Síbẹ̀, wọ́n jí ní òwúrọ̀, wọ́n gbọ́ ìró omi, wọ́n yí ọlọ, ìlú sì jẹun. Orúkọ Müller ni ìwé tí ó jẹ́rìí pé ìlú kì í dá dúró láìsí ọwọ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń jẹ́ orúkọ náà lónìí lè dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kò lè gba owó iṣẹ́ wọn. Bákan náà, bí ọ̀kan nínú wọn bá jí ọkà ọmọnìkejì, ẹni tí ń jẹ́ orúkọ náà lè kábàámọ̀ rẹ̀. Kò sí gbèsè rẹ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, nítorí ìwé orúkọ ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣí ní òwúrọ̀. Ní 2009, ìwádìí kan tí ó jáde láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Oldenburg ní Jámánì fi hàn pé orúkọ àbísọ ọmọ lásán tó láti mú kí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti pinnu irú ọmọ tí ó jẹ́: bí wọ́n bá gbọ́ Kevin, oníjàngbọ̀n ni wọ́n ń retí, bí wọ́n bá gbọ́ Alexander tàbí Sophie, ọmọ tí ó mọ̀wé ni wọ́n ń retí. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n àṣà wọn kò tíì kú. Olùkọ́ tí ó ti mọ ohun tí ọmọ yóò dà kí ọmọ náà tó ya ẹnu ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn bí wọ́n ti tì í mọ́ ọmọ alọkà. Ọmọ ọlọ́lá tí a yìn láìṣiṣẹ́ kò sì bọ́ nínú ewu náà, nítorí ẹni tí a fún ní ìyìn baba rẹ̀ lè má wá tirẹ̀ kiri.

Orúkọ dà bí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọkà lẹ́nu ọlọ. Ọwọ́ baba ni ọmọ ti gbà á, ó sì lè jẹ́ pé òṣùwọ̀n tí ó gbó, tí ó sì níyì ni. Ṣùgbọ́n a kì í ti inú òṣùwọ̀n òfìfo jẹun. Ọkà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ sínú rẹ̀ ni a óò lọ̀ fún un, òun náà ni a óò sì fi mọ̀ ọ́n.